Kí Ni Ká Ṣe Sí Amóhùnmáwòrán Àtijọ́?

Láti ọdún 1959 tí iléeṣẹ́ WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti ń wọ ilé wa. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Abẹ́òkúta ń fi èyí tó fẹ̀, tó sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, rọ́pò ògbólógbòó tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n òjé wà nínú dígí ògbólógbòó náà, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

A rọ̀ yín, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sun wáyà rẹ̀ nítorí bàbà, ẹ má sì jù ú sí odò Ògùn. Bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fún ẹni tí yóò lò ó. Bí ó bá ti bàjẹ́, ẹ gbé e lódidi fún àwọn akólẹ̀kódọ̀tí tí ìjọba fọwọ́ sí. Ohun tí a fi dá àwọn ọmọ wa lára yá, kò yẹ kó di májèlé fún wọn.