Ẹ̀kọ́ Lábẹ́ Igi: Ìgbé-ayé Ojoojúmọ́ àti Èdè Ìkọ́ni ní Ọgbà Yunifásítì Visva-Bharati ní Orílẹ̀-èdè Íńdíà

Ìfáàrà

Àpẹẹrẹ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò nígbà tí wọ́n ń dá àwọn yunifásítì ìgbàlódé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ní 1835, Thomas Macaulay kọ ìwé ìmọ̀ràn kan sí ìjọba amúnisìn. Ohun tí ó dá lábàá ni pé kí wọ́n máa ná owó ẹ̀kọ́ sórí ìmọ̀ tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, kí wọ́n sì dẹ́kun níná an sórí ti èdè Sanskrit àti ti Lárúbáwá. Ìjọba gba ìmọ̀ràn náà wọlé. Nígbà tí ó fi máa di 1857 tí wọ́n dá yunifásítì Calcutta, ti Bombay àti ti Madras sílẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ti gba àga jókòó, èdè onílé sì ti di àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Visva-Bharati, tí ó wà ní Santiniketan ní ìpínlẹ̀ West Bengal, wà lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga díẹ̀ tí ó kọ̀ láti tọ ọ̀nà yìí. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí ìgbé-ayé ojoojúmọ́ inú ọgbà náà, láti orí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí títí dé orúkọ tí ó fi ń pe olùkọ́ rẹ̀, ṣe jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, àti bí èdè abínibí ṣe jẹ́ òpó tí ó gbé e ró. Yóò tún wo ibi tí òpó náà ti ń mì.

Bí Ọgbà Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀bá ìlú Bolpur ni Santiniketan wà, ó fi nǹkan bí 160 kìlómítà jìnnà sí Calcutta, tí wọ́n ń pè ní Kolkata lóde òní. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni "ibùgbé àlàáfíà". Ilẹ̀ pupa gbígbẹ ni, tí àgbàrá ti wọ́ gidigidi ní ibi púpọ̀. Ní 1863, Debendranath Tagore, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Brahmo Samaj, gba ilẹ̀ níbẹ̀ fún àdúrà àti àṣàrò. Abẹ́ igi chhatim ni ìtàn sọ pé ó ti kọ́kọ́ sinmi. Ìbátan ni igi yìí jẹ́ sí igi ahùn ilẹ̀ Yorùbá nínú ìpínsísọ̀rí àwọn onímọ̀ nípa igi. Orúkọ Látìn tí wọ́n fún un, Alstonia scholaris, tọ́ka sí ọmọ iléewé, nítorí pé pákó rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ wàláà ìkọ̀wé láyé àtijọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ewé igi yìí kan náà ni àmì oyè ní ọjọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde ní Visva-Bharati.

Rabindranath, ọmọ Debendranath, ni ó sọ ibẹ̀ di iléewé. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn iléewé rárá nígbà èwe rẹ̀. Ó pa ọ̀pọ̀ tì láìparí, ó sì kúrò ní University College ní Lọ́ńdọ̀nù láìgba oyè kankan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1901, ó fi akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà lára wọn. Owó ṣọ̀wọ́n. Mrinalini Devi, aya rẹ̀, ta lára ohun ọ̀ṣọ́ wúrà rẹ̀ kí iléewé náà má baà tú ká. Ó sì jáde láyé ní 1902, kí iléewé náà tó pé ọdún kan. Nígbà tí Tagore gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 1913, iléewé yìí náà jẹ nínú owó ẹ̀bùn náà. Oṣù Kejìlá 1921 ni wọ́n ṣí Visva-Bharati gẹ́gẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1951, òfin sọ ọ́ di yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Látìgbà náà, ẹni tí ó bá jẹ́ olórí ìjọba Íńdíà ni ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá àgbà olóyè fún un.

Láti Òwúrọ̀ Títí Di Ọ̀sán

Ohun tí ó kọ́kọ́ ya ọgbà yìí sọ́tọ̀ ni pé ọmọ lè wọ ilé jẹ́lé-ó-sinmi níbẹ̀, kí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé kí ó tó jáde. Iléewé àwọn ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní Patha Bhavana, ni ó jẹ́ gbòǹgbò yunifásítì, kì í ṣe ẹ̀ka tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn. Níbẹ̀ ni àṣà lílo abẹ́ igi gẹ́gẹ́ bí kíláàsì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lo gbọ̀ngàn àti yàrá àyẹ̀wò bí ti ibòmíràn.

Kùtùkùtù ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí oòrùn agbègbè náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè bá ṣeré. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Lẹ́yìn èyí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé ẹní kékeré rẹ̀, á sì gba abẹ́ igi lọ. Olùkọ́ kì í rìn kiri. Ó ní igi tirẹ̀ tí ó ń jókòó sí. Bí agogo bá lù, àwọn ọmọ ni yóò ká ẹní wọn kúrò lábẹ́ igi olùkọ́ ìṣirò, tí wọn yóò sì tẹ́ ẹ sábẹ́ igi olùkọ́ èdè. Bí òjò bá dé, oníkálukú á ká ẹní, á sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi máńgòrò ni ó pọ̀ jù ní Amra Kunja, igbó ṣíṣọ́ tí wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ ńlá. Èrò Tagore ni pé iléewé tí ó bá fi ògiri mẹ́rin ká ọmọ mọ́ ti gba olùkọ́ kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ kì í pe olùkọ́ ní ọ̀gá. "Da" ni wọ́n máa ń fi kún orúkọ olùkọ́ ọkùnrin, "di" ni wọ́n sì máa ń fi kún ti obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti ẹ̀gbọ́n obìnrin ni ìtumọ̀ méjèèjì ní èdè Bẹ̀ngálì. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ láàrin ẹbí mọ̀ pé ọ̀wọ̀ kò yọ kúrò níbẹ̀. Ìbẹ̀rù nìkan ni ó dínkù. Bákan náà, bí eré tàbí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ àwùjọ, àṣà ibẹ̀ kò gba pípàtẹ́wọ́. "Sadhu, sadhu" ni wọ́n máa ń wí, èyí tí ó sún mọ́ "ó káre".

Ọjọ́ ìsinmi wọn kì í ṣe Ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́rú ni wọ́n ń péjọ fún àdúrà nínú gbọ̀ngàn onígíláàsì tí wọ́n kọ́ ní 1891, àṣà tí wọ́n jogún láti inú ẹgbẹ́ Brahmo Samaj. Nínú gbọ̀ngàn náà kò sí ère kankan.

Ọjọ́ kan tún wà tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ní 1915, Mahatma Gandhi, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti South Africa dé, bá wọn gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ pé kí wọ́n máa dáná fún ara wọn, kí wọ́n máa gbálẹ̀, kí wọ́n sì máa fọ àwo fúnra wọn. Ní àwùjọ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ìpín àwọn tí wọ́n kà sí ẹni ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Tagore fọwọ́ sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Kò pẹ́ tí ìtara náà fi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò parẹ́. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ a máa sinmi, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ á sì mú ìgbálẹ̀. Bóyá ọjọ́ kan nínú ọdún tó láti yí ọkàn padà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èdè Abínibí Gẹ́gẹ́ bí Òpó

Ọdún mẹ́sàn-án kí iléewé náà tó bẹ̀rẹ̀, ní 1892, ni Tagore ti kọ àròkọ rẹ̀ kan tí ó pè ní Shikshar Herfer. Àlàyé rẹ̀ níbẹ̀ ni pé èdè tí ọmọ ilẹ̀ Bengal fi ń gbé ilé àti èdè tí ó fi ń kẹ́kọ̀ọ́ kì í pàdé. Gbogbo agbára ọmọ ń lọ sórí kíkọ́ ọ̀rọ̀ àjèjì sórí, títí ọjọ́ ìrònú yóò fi kọjá. Kì í ṣe pé ó kórìíra èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ìwé ìkọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́ wọn. Ohun tí ó ń bèèrè ni èwo ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Àwọn àgbà Yorùbá náà gbà pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Tagore kò dúró sórí àríyànjiyàn. Ní 1930, ó ṣe ìwé álífábẹ́ẹ̀tì àti ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé, Sahaj Path, tí Nandalal Bose, olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Visva-Bharati, ya àwòrán sí. Ní 1937, Yunifásítì Calcutta pè é láti wá sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́-jáde. Èdè Bẹ̀ngálì ni ó fi sọ ọ́. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti dá yunifásítì náà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tíì fi èdè àwọn tí ó ni ilẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ó tẹ ìwé kan tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ èdè mọ̀ nípa rẹ̀. Visva-Parichay ni orúkọ rẹ̀. Ó fi èdè Bẹ̀ngálì tí ó rọrùn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù, oòrùn, ìràwọ̀ àti ilẹ̀ ayé, ó sì ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún Satyendra Nath Bose, onímọ̀ físíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ ti 1924 so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Einstein. Akéwì ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni ó gbé iṣẹ́ náà ṣe, láti fi dáhùn àwọn tí ń sọ pé èdè ilé kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ìdáhùn náà so èso. Ní 1948, Bose kó àwọn onímọ̀ jọ ní Calcutta sínú ẹgbẹ́ kan tí ń fi èdè Bẹ̀ngálì tan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kálẹ̀, ó sì ṣe gíwá Visva-Bharati láti 1956 sí 1958.

Ilẹ̀kùn kò tì mọ́ àwọn èdè mìíràn. Cheena Bhavana, ilé ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àṣà ilẹ̀ Ṣáínà tí Tan Yun-Shan darí, ṣí ní 1937. Hindi Bhavana tẹ̀ lé e ní 1939. Ẹni tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú èdè tirẹ̀ ni Tagore rò pé ó lè wọ ti ẹlòmíràn láìsọ ara rẹ̀ nù.

Ibi Tí Òpó Ti Ń Mì

Amartya Sen, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ètò ọrọ̀ ajé ní 1998, kẹ́kọ̀ọ́ ní iléewé náà. Santiniketan ni wọ́n bí i sí ní 1933, Tagore ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé wọn kì í gbé máàkì ìdánwò gẹ̀gẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ kan tilẹ̀ yin akẹ́kọ̀ọ́ kan pé ọmọ tí ó ń ronú jinlẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ̀ dára. Láti 1951 ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣòro sọ. Yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ ní ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí tí agbanisíṣẹ́ yóò mọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo ní Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Bẹ̀ngálì. Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń gòkè ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń padà gba àga rẹ̀.

Ògiri pẹ̀lú ti ń yọjú. Ní 2004, olè kó àmì ẹ̀yẹ Nobel Tagore lọ láti inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọgbà náà, ààbò sì wá le sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ ògiri yí pápá ọjà ọdún tí wọ́n ń pè ní Poush Mela ká, èrò ya bo ibẹ̀, wọ́n sì wó ẹnu ọ̀nà kan. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án 2023, UNESCO kọ Santiniketan mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le jù kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba tàbí olè wá. Àárín abúlé àwọn ará Santal ni ọgbà náà wà, èdè Santali ni wọ́n sì ń sọ nílé. Fún ọmọ Santal tí ó bá wọ kíláàsì abẹ́ igi, èdè Bẹ̀ngálì tí Tagore jà fún yìí gan-an ni èdè àjèjì. Tagore rí i pé àwọn ọmọ aláìní kò rí àyè tó ní iléewé àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ó fi dá Siksha-Satra sílẹ̀ fún wọn ní 1924, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè wọn kò tíì yanjú nígbà náà. Lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe òfin ní 2003 ni èdè Santali tó wọ inú àkójọ èdè tí òfin ilẹ̀ Íńdíà dá mọ̀, yunifásítì náà sì ní ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní èdè Santali lónìí. Ní ìta gbangba nínú ọgbà náà ni ère ńlá kan wà tí Ramkinkar Baij fi sìmẹ́ńtì àti òkúta ilẹ̀ pupa mọ ní 1938: ìdílé Santal kan, bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti ajá wọn, tí wọ́n ru ẹrù wọn tí wọ́n ń lọ. Èdè ìdílé yẹn kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé lábẹ́ àwọn igi ní Patha Bhavana.