Ògiri Tí Ń Mu Omi Láti Ìsàlẹ̀

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣí lọ sí Port Harcourt kì í pẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò rí bí ilẹ̀ ilé. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún ju 2,000 mìlímítà lọ, omi kò sì jìnnà sí ojú ilẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń kun ilé lọ́dọọdún, tí ọ̀dà sì ń ṣí kúrò kí oṣù mélòó kan tó pé. Ìyẹ̀fun funfun a yọ sí ara ògiri, ebu dúdú a hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ tí ìyàwó ilé bá fẹ́ mú aṣọ òkè jáde fún òde ìgbéyàwó ni yóò tó rí i pé aṣọ ti bu.

Wọn a máa di ẹ̀bi náà ru akunlé. Akunlé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ní ihò tín-ín-tìn-ín tí omi ilẹ̀ ń gbà gòkè, bí epo ti ń gun òwú fìtílà, ó sì lè gùn tó mítà kan. Bí omi náà bá gbẹ, iyọ̀ tí ó bá a gòkè a kù sí ojú ògiri; òun ni ìyẹ̀fun funfun yẹn.

Kí a tó náwó, kí a mọ ibi tí omi ti ń wá. Kí a fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri yíká, kí a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Bí omi bá sẹ̀ sí ìhà ti ògiri, inú ògiri ni ó ti wá. Bí ó bá jẹ́ ìhà ti yàrá ni ó tutù, èémí ènìyàn, ooru ìkòkò àti aṣọ tútù tí a sá sínú ilé ni ó fà á. Fèrèsé ṣíṣí ni oògùn ìyẹn.

Bíríkìlà mìíràn yóò ní kí a lẹ táìsì tàbí pákó bò ó. Kí a má gbà. Omi tí a dí lójú, òkè ni yóò tún gbà, ebu yóò sì máa gbilẹ̀ lẹ́yìn pákó níbi tí ojú kò tó o. Ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2009 so ọ̀rinrin àti ebu inú ilé pọ̀ mọ́ ikọ́ fée àti àìsàn èémí. Ilé tí ọmọ oníkọ́ fée bá wà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀.

Ìta ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí a wa erùpẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ ògiri, títí ilẹ̀ yóò fi fi sẹ̀ńtímítà 15 rẹlẹ̀ sí ọ̀rá tí ó yẹ kí bíríkìlà ti tẹ́ sórí ìpìlẹ̀. Kí gọ́tà sì gbé omi òjò jìnnà. Kí a ha sìmẹ́ńtì ojú ògiri tí ó ti bàjẹ́ kúrò, kí a fi sẹ̀ńtímítà 30 kọjá ibi tí omi gùn dé. Ilé tí kò ní ọ̀rá rárá ni ó ṣòro: oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ lè gé àlàfo láàrin búlọ́ọ̀kù, kí ó ti ọ̀rá nípọn bọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ṣá o, kí ilé má baà rì. Lẹ́yìn náà ni sùúrù. Ó lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ògiri tó gbẹ, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó yẹ iṣẹ́ yìí. Ọ̀dà olómi ni kí a fi kùn ún, kì í ṣe elépo.

Ẹni tí ó ń wá ilé háyà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn náà, kí ọ̀dà tuntun má tàn án. Kí ó kan ẹsẹ̀ ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn wò. Bí ó bá dún bí igbá òfìfo, ó ṣeé ṣe kí omi ti jẹ ẹ́ nínú.