Asẹ́ Tó Ń Hun Ara Rẹ̀

Nígbà tí mo kéré, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n sẹ́ ògì nílé wa. Lọ́jọ́ kan, mi ò rí asẹ́ tí a máa ń lò, mo bá mú òmíràn tójú ẹ̀ fẹ̀. Mo tètè ṣe tán, inú mi ń dùn. Àṣé èèrí ti bá ògì wọlé! Nígbà tí a fi ògì ọ̀hún ṣe ẹ̀kọ, ńṣe ló ń ha gbogbo wa lọ́fun. Ìyá mi ò bá mi jà, wọ́n kàn ní kí n lọ wo ojú asẹ́ náà dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ojú asẹ́ yìí ni mo bá dé lónìí. Ká ní iyọ̀ la fẹ́ yọ kúrò nínú omi òkun ńkọ́? Mólékù omi kan ò ju nǹkan bí 0.3 nanómítà lọ. Ẹ pín mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni nanómítà. Ọwọ́ wo ló fẹ́ hun asẹ́ tójú ẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀? Kò sí. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wá bí asẹ́ náà á ṣe hun ara ẹ̀.

Ta ló ń hun ún?

Èérún tó bá kéré gan-an kì í dúró jẹ́ẹ́ nínú omi. Ooru ń tì í síwá sẹ́yìn. Àwọn èérún á kọ lu ara wọn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á tú, wọ́n á tún gbìyànjú. Èyí tó bá bọ́ sípò tó bá a mu á pẹ́ níbẹ̀, èyí tó bá wọ́ á tètè tú. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìtò-ara-ẹni. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀mọ́ra náà ò gbọ́dọ̀ le jù o. Tó bá le bíi gúlúù, ibi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fara kanra ni wọ́n máa dúró sí, gbogbo ẹ̀ á sì di rúdurùdu.

Ta ló wá ń sọ ibi tí ihò máa wà? Ìrísí èérún ni. Mo gé páálí láti fi wò ó. Àwọn onígun mẹ́rin tò bíi táìlì, kò sáyè láàárín wọn rárá. Mo wá gé èyí tó ní apá mẹ́ta, bíi fáànù òkè ilé, mo sì fi ṣòfin pé orí apá nìkan ló gbọ́dọ̀ kan orí apá. Nígbà tí mo to mẹ́fà pọ̀, ihò onígun mẹ́fà yọ láàárín wọn. Mi ò sì gé ihò kankan!

Ọwọ́ méjì, ọwọ́ mẹ́ta

Ohun táwọn mólékù ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ wo terephthalic acid, tí wọ́n fi ń ṣe ike ìgò omi. Ọwọ́ méjì ló ní, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lódì kejì. Tí wọ́n bá dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ìlà gbọọrọ ló ń jáde, àwọn ìlà náà á sì sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Kò sí ihò.

Trimesic acid ò yàtọ̀ sí i púpọ̀, àfi pé ọwọ́ mẹ́ta ló ní, tí wọ́n jìnnà síra lọ́gbọọgba. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí gíráfáìtì (òun ló wà nínú pẹ́ńsù yín), ó lè tò bí afárá oyin, ihò ẹ̀ á sì fẹ̀ tó nǹkan bí 1 nanómítà. Tí wọ́n bá lo mólékù tí apá ẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ihò náà á fẹ̀ sí i.

Ojú apẹ̀rẹ̀

Lọ́dún 2011, Qian Chen, Sung Chul Bae àti Steve Granick ní Yunifásítì Illinois, Amẹ́ríkà, lo bọ́ọ̀lù kéékèèké tí kò ju máíkírómítà kan lọ. Wọ́n fi góòlù bo òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì ṣe góòlù náà kó máa sá fómi. Wọ́n wá fi iyọ̀ sómi láti dín bí àwọn bọ́ọ̀lù ṣe ń ti ara wọn kù. Orí góòlù kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó láti kan aládùúgbò méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́rin, ihò sì kún àárín wọn. Kagome lorúkọ àwòṣe yìí. Èdè Japan ni, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni “ojú apẹ̀rẹ̀”. Àwọn náà ń pe ihò ní ojú bíi tiwa!

Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ ní Vienna fi kọ̀ǹpútà wo èérún tó rí bíi dáyámọ́ǹdì inú káàdì. Nígbà tí ibi tó ń lẹ̀ wà láàárín ẹ̀gbẹ́, wọ́n tò mọ́ra pátápátá. Nígbà tí wọ́n sún un kúrò láàárín, ẹ̀gbẹ́ yọ̀ kọjá ara wọn, ihò sì ṣí. Ẹ fi páálí gbìyànjú ẹ̀.

Iṣẹ́ ò tíì parí o. Tí trimesic acid bá ti pọ̀ jù nínú omi tí wọ́n pò ó mọ́, ó lè fún mọ́ra, kí ihò kéré. Láti tẹ́ asẹ́ tó fẹ̀ láìya níbì kankan ṣì nira gan-an. Ojú kan ṣoṣo tó ya ti tó láti jẹ́ kí iyọ̀ kọjá. Ẹ bi mí léèrè: mo ti jẹ ẹ̀kọ tó ń ha ọ̀fun rí.