Owó Tí Kò Ṣe É Ná: Ọ̀ràn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Sweet Briar

Bí a bá gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là nípamọ́, a kì yóò rò pé àìrówóná ni yóò tì í pa. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Sweet Briar, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, kéde pé yóò kógbá sílé ní oṣù Kẹjọ.

Ohun tí ó fà á kò fara sin. Akẹ́kọ̀ọ́ ń dín kù, ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n lè rí ẹni gbà wọlé sì ju ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Oníṣòwò tí ń tajà báyìí kì í pẹ́ fọwọ́ kan ojú owó. Ṣùgbọ́n ojú owó tiwọn kò ṣe é fọwọ́ kàn: púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi í tọrẹ ti sọ ohun tí a gbọ́dọ̀ ná an lé lórí. Ilẹ̀ náà pàápàá, tí Indiana Fletcher Williams, olóògbé ọdún 1900, fi sílẹ̀ ní ìrántí ọmọbìnrin rẹ̀, ìwé ìhágún ni ó dè é.

Okùn yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dì mú lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Kẹfà, àdéhùn wáyé: wọn yóò dá mílíọ̀nù 12 dọ́là jọ, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ yóò gbà kí a tú mílíọ̀nù 16 sílẹ̀ nínú owó àpamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà fi ipò sílẹ̀. Wọn ì bá ti kọ́kọ́ ké pe àwọn ọmọ ilé! Nígbà tí oṣù Kẹjọ pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé.