Ìrì, Òróró àti Ìrẹ́pọ̀ Àwọn Ará

Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá ti jí lọ sí oko ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí à ń pè ní ìrì. Kí ó tó dé ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù dé orúnkún. Òjò kò rọ̀ ní òru, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ìró omi; síbẹ̀ gbogbo ewé ti mu omi yó. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, ilẹ̀ àti ewé a máa tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí wọn ká lọ, ọ̀rinrin tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ náà a sì di omi sí wọn lára. Ní òru tí ẹ̀fúùfù bá ń jà, ìrì kì í sẹ̀ dáadáa. (Níwọ̀n bí a ti fẹnu kan ìrì, ẹ jẹ́ kí n rán àwọn tí ó gbin ẹ̀wà létí pé kí wọn má ṣe wọ àárín rẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Àrùn ewé a máa bá omi tí ó wà lára aṣọ àti ọwọ́ wa lọ láti ìdí kan dé òmíràn.)

Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí nítorí pé Sáàmù kan wà tí àgbẹ̀ lè yé ju ọ̀mọ̀wé lọ, bí ó bá lè fi ara balẹ̀ kà á. Sáàmù 133 ni. Ẹsẹ mẹ́ta péré ni ó ní. A máa ń kà á níbi ìgbéyàwó, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àti níbi àpèjẹ ìdílé, títí ó fi dà bí ìkíni lásán ní etí wa. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú Orin Ìgòkè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti 120 dé 134, tí ó bá ìrìn àjò àwọn tí ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ̀dún mu. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni òfin pàṣẹ kí àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì péjọ síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú Deuterónómì orí 16. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó bá ará ilé rẹ̀ jà nítorí kànga tàbí nítorí ààlà ní láti bá a rìn ní ọ̀nà kan náà, kí ó sì bá a wọ ẹnu bodè kan náà. Kì í ṣe ẹni tí kò níjà rí ni a kọ Sáàmù yìí fún.

Ohun méjì ni Sáàmù náà fi ìrẹ́pọ̀ wé. Èkínní ni òróró tí a dà sí orí Árónì. Èyí kì í ṣe epo pupa, kì í sì í ṣe àdín. Nínú Ẹ́kísódù orí 30 ni a ti ka bí a ṣe ń pò ó: òjíá 500 ṣékélì, kínámónì 250, kálámù 250, kásíà 500, àti òróró ólífì hínì kan, tí ó sún mọ́ gálọ́ọ̀nù kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ po irú rẹ̀ fún ìlò ilé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó ké e kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Nígbà tí òróró náà bá ti orí ṣàn dé irùngbọ̀n, tí ó sì ti irùngbọ̀n ṣàn dé etí aṣọ, àyà ni ó gbà kọjá. Ní àyà náà sì ni ìgbàyà olórí àlùfáà wà, pẹ̀lú òkúta méjìlá tí a fín orúkọ àwọn ẹ̀yà Ísírẹ́lì sí lára. Sáàmù náà kò dárúkọ ìgbàyà. Èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òróró kan náà ni ó kan orúkọ Júdà àti orúkọ Dánì, kò sì dúró béèrè ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tí ó jẹ́ àbúrò.

Èkejì ni ìrì Hermoni. Òkè ńlá ni Hermoni ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Ó ga ju 9,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, yìnyín a sì máa bo orí rẹ̀ ní ìgbà òtútù. Síónì wà ní Jerúsálẹ́mù, ní ìhà gúúsù, ó sì ju 100 máìlì lọ láti ibẹ̀ dé Hermoni. Báwo ni ìrì òkè kan yóò ṣe sẹ̀ sórí òkè kejì tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní ìrì púpọ̀ bí ti Hermoni ni akọrin náà ń sọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 12 mọ̀ pé àríwá àti gúúsù pínyà lẹ́yìn ikú Sólómónì, wọn kò sì tún di ìjọba kan mọ́. Nígbà tí a bá gbọ́ Hermoni àti Síónì nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, apá méjèèjì ni a so pọ̀ yẹn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ilẹ̀ náà òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án. Ìrì ni ó ń ran àjàrà lọ́wọ́ títí òjò yóò fi padà. Nítorí náà nǹkan tí ẹ̀mí irúgbìn rò mọ́ ni a fi ìrẹ́pọ̀ wé, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Àwọn tí ó gbọ́ èdè Hébérù sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kan náà, tí ó túmọ̀ sí sísọ̀kalẹ̀, ni ó wáyé ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú Sáàmù kékeré yìí: òróró sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìrì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti òkè ni ohun gbogbo ti ń bọ̀.

Èdè Yorùbá náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́ wa níhìn-ín. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ìbùkún. Kí ni a ń ṣe bí a bá bù kún nǹkan? Ẹ lọ sí ìdí igbá ìyá oníгàrí ní ọjà. Ó wọn gàrí kún inú kóńgò tán, owó rẹ pé. Lẹ́yìn náà ó tún na ọwọ́ sí igbá, ó bù, ó sì fi kún un. Èènì ni. Iwọ kò sanwó rẹ̀, o kò sì lè fi ipá gbà á. Ẹni tí ń bù wà, ohun èlò tí a ń bù sí sì gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì ṣí sílẹ̀. Ẹsẹ tí ó kẹ́yìn Sáàmù náà sọ ibi tí Olúwa gbé ti ń bù ú: níbi tí àwọn ará gbé jùmọ̀ wà. Kò sọ pé ní ilé Árónì nìkan, kò sì sọ pé ní orí òkè Hermoni nìkan. Nínú Mátíù orí 5 pẹ̀lú, nígbà tí Jésù ka àwọn alábùkúnfún lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bá wí, àwọn onírẹ̀lẹ̀, àwọn aláàánú, àwọn tí ń ṣètò àlàáfíà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kìíní, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí Sáàmù náà tó parí, ìjọ àwọn olódodo ti wọ inú rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa kò ṣàì mọ ìyapa. Ní òpin ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wá, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1862. Ó padà sí Èkó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá a wá kò padà, títí di òní ni a sì ń sọ ti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ nínú ìlú kan náà. Ní Ìkòròdú, ogun Ẹ̀gbá dó ti ìlú. Ní oṣù kẹta ọdún 1865 ni àwọn ọmọ ogun tí Glover rán láti Èkó tó tú wọn ká. Lónìí bí ọmọ Ẹ̀gbá bá gun àga ìwàásù ní Ìkòròdú, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ dúró sí ní ọdún náà.

Ìjọ ńkọ́? Bíbélì kan náà ni a ń kà. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n tú u sí èdè wa. Ìwé sí àwọn ará Róòmù ti jáde ní 1850, gbogbo rẹ̀ sì parí ní 1884. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Áfíríkà àti Aládùúrà, gbogbo wọn ni ó ń fi ahọ́n Crowther gbàdúrà. Síbẹ̀, nígbà tí Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbiteria pinnu láti di ìjọ kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n sì ti dá ọjọ́ rẹ̀ sí 11 oṣù Kejìlá ọdún 1965, àríyànjiyàn dìde nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n dá a dúró, a kò sì tún gbọ́ ọjọ́ mìíràn. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tìkára rẹ̀ pín sí méjì ní 1976 nítorí òfin tuntun tí ó sọ olórí ìjọ di Pátíríákì. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 14. Ní 1990 ni wọ́n parí ìjà. N kò rò pé ìjọ mìíràn ní ẹ̀tọ́ láti fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí mélòó nínú wa ni ó ti parí ìjà ọdún 14?

Ó rọrùn láti sọ ti àwọn àgbà ìjọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Bàbá wa fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wa lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni à ń gbìn sí i, pérégún ni a sì fi pa ààlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó ń fẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Àwọn tí ń wá ilẹ̀ ilé dé, owó tí bàbá wa kò fojú rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n sì ń kà lélẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé kan. Àbúrò mi ta ọ̀kan. Ó ní apá tirẹ̀ ni. Mo ní apá tèmi ni. Ẹnì kan hú pérégún mẹ́ta, títí di òní n kò mọ ẹni náà. Ọdún mẹ́rin gbáko ni a kò fi kí ara wa.

Inú ìjọ kan náà ni a wà. Ó ń jókòó ní apá òsì, èmi ní apá ọ̀tún. Bí ó bá di àkókò Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, mo máa ń dúró kí ó padà sí àyè rẹ̀ kí n tó dìde. Mo rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Gbogbo ìjọ ni ó mọ̀, àní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pàápàá. N kì í sùn dáadáa ní òru mọ́, mo sì ń dá àwọn ẹ̀fọn lẹ́bi.

Ní ọjọ́ ìkórè ọdún kan, mo ru iṣu méjìlá àti àkùkọ kan lọ sí ilé Ọlọ́run. Mátíù orí 5 ni a kà ní òwúrọ̀ náà, níbi tí Olúwa wa gbé sọ ti ẹni tí ó mú ọrẹ wá síwájú pẹpẹ. Mo ti gbọ́ ọ ní àìmọye ìgbà, mo sì ti máa ń rò pé ẹni tí a ṣẹ̀ ni a ń bá wí, pé kí ó lọ dárí jì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá rántí pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, ni ó wí. Olúwa kò béèrè ohun tí èmi ní sí àbúrò mi, èyí tí mo ti kà sí orí ní alaalẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Mo wo apá òsì. Àyè rẹ̀ ṣófo. Mo gbé iṣu mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì jáde.

Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "ìyàwó mi bímọ ọkùnrin. Mo ránṣẹ́ sí yín, ẹ kò wá sọ ọ́ lórúkọ. Ta ni ó yẹ kí ó sọ ọmọ mi lórúkọ nígbà tí bàbá wa kò sí mọ́?" Kò dárúkọ ilẹ̀ rárá. Ìránṣẹ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ mi nígbà náà lóòótọ́. Mo ní kí ó sọ pé òun kò bá mi nílé. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti pé ọdún mẹ́ta, ó ń wò mí bí àlejò. Orúkọ bàbá wa ni wọ́n sọ ọ́.

Mo bẹ àbúrò mi. Ó nira fún mi, nítorí èmi ni àgbà. Nígbà tí àwa méjèèjì fi dé ilé Ọlọ́run, ìsìn ti parí, wọ́n sì ti lu iṣu mi ní gbànjo. Opó kan ni ó rà á, a sì gbọ́ pé owó pọ́ọ́kú ni ó fi rà á.

Ẹjọ́ ilẹ̀ náà kò tíì tán. Àwọn àgbà ìdílé ti dá ọjọ́ fún wa, n kò sì mọ bí wọn yóò ti dá a. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí mo fẹ́ wú ẹ̀gẹ́, àbúrò mi wá ràn mí lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó sì mú ọmọ náà dání. Ọmọ náà sáré la àárín ẹ̀gẹ́ kọjá níwájú wa, nígbà tí a sì bá a, ìrì ti rin ín dé àyà.