Bí Ọkọ̀ Kò Bá Mọ Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀ Mọ́: Ẹ Má Tíì Kówó Fún Rewáyà

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní Gowon Estate, lágbègbè Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà nílùú Èkó, fi máa ń jáde nílé. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà mọ̀ pé bí òun bá fi lè pẹ́ díẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà yóò dá òun dúró. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ máa ń mọ̀ láti dójú ti ẹni tó ni ín. Onímọ́tò á tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbọ́ ohunkóhun. Á tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn kò ní mira. Bó bá sì ráyè wọlé, tó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣíná, ọ̀rọ̀ òyìnbó tó máa hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ni pé kò sí kọ́kọ́rọ́ nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ rẹ̀!

Ìgbà yẹn ni kálukú máa ń sọ tẹnu rẹ̀. Aládùúgbò kan á ní kí wọ́n ti ọkọ̀ náà. Òmíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Rewáyà tí wọ́n bá sáré pè lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó mirí, kó sì sọ pé, "Dádì, ọpọlọ ọkọ̀ yín ló ti jóná o." Kí Dádì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, owó ńlá ti jáde lápò, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì kékeré kan, tí kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, ló kú nínú kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Èkó nìkan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé, àti èyí táwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ sí òbí wọn láti òkè òkun, ló ti dé Sakí, Ìkàrẹ́, Ìlá àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní Ládípọ̀ nítòsí tó lè sáré lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

IṢẸ́ MÉJÌ NI KỌ́KỌ́RỌ́ Ń ṢE

Láyé ọjọ́un, irin lásán ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bí eyín rẹ̀ bá ti bá ihò mu, ó parí. Ìdí nìyẹn tí olè fi lè fi wáyà àti ìdè-ìṣó gbé ọkọ̀ olọ́kọ̀ lọ. Lọ́dún 1982, ilé iṣẹ́ Renault ní ilẹ̀ Faransé fi rìmóòtù tó ń ṣílẹ̀kùn láti òkèèrè kún ọkọ̀ Fuego, èyí tó wà lára àwọn ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ní irú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1993, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe Corvette tó jẹ́ pé bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lápò ẹni tó ni ín, tó sún mọ́ ọkọ̀, ilẹ̀kùn á ṣí fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n olè jíjà kò dínkù ní ilẹ̀ Yúróòpù lásìkò náà, ni wọ́n bá ṣòfin pé láti ọdún 1998, ọkọ̀ tuntun kankan kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ láìní ohun tó máa dá ẹ́ńjìnnì dúró bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ fi ṣíná sí i. Ohun yìí làwọn rewáyà wa ń pè ní "security".

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú orí kọ́kọ́rọ́, ohun méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni rìmóòtù tó ń ṣílẹ̀kùn, tó sì ń ti ilẹ̀kùn. Bátìrì ló ń gbé èyí ṣiṣẹ́. Èkejì ni ṣípù kékeré kan tó ń jẹ́rìí fún ọkọ̀ pé ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání kì í ṣe àjèjì. Ọkọ̀ á bi ṣípù léèrè pé, "Ta nìyẹn?" Ṣípù á fi àṣírí tó wà láàárín àwọn méjèèjì dá a lóhùn. Bí ìdáhùn náà bá bára mu, ẹ́ńjìnnì á dìde. Bí kò bá bára mu, ẹ̀ báà ti ọkọ̀ náà dé Ìkòtún, kò ní ṣíná.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ṣípù yìí kò nílò bátìrì kọ́kọ́rọ́. Bí wọ́n bá gbé e sún mọ́ ọkọ̀ dáadáa, ara ọkọ̀ ló ti máa gba agbára tó fi máa sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni pé bátìrì kọ́kọ́rọ́ lè kú pátápátá, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣíná sí ọkọ̀ yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, láìná kọ́bọ̀.

Ẹ BẸ̀RẸ̀ LÁTI IBI TÓ RỌRÙN

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá, bó bá wà. Bí èyí bá ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kò ní àìsàn kankan, kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́ ló ń ṣàìsàn. Bí méjèèjì kò bá ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ni wàhálà wà.

Bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí kò ní eyín níta ló ní irin kékeré tí wọ́n fi pamọ́ sínú. Bọ́tìnnì tín-ín-rín kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá fà á, irin náà á jáde. Òun lẹ máa kì bọ ihò ilẹ̀kùn awakọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, wọ́n fi ike bo ihò náà, ẹ sì ní láti rọra ṣí ike náà kúrò. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ ṣe ṣílẹ̀kùn, ẹ má bẹ̀rù. Ó rò pé olè ni yín ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ariwo náà á dáwọ́ dúró nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kí ẹ wá gbé orí kọ́kọ́rọ́ náà lé ara bọ́tìnnì tí ẹ fi ń ṣíná. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì náà. Bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, Nissan, Hyundai àti Kia tó ń lo bọ́tìnnì ṣe rí nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ní ihò tàbí àyè kan nítòsí jíà tàbí níbi tí wọ́n ń gbé ife sí, níbi tó yẹ kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá máa ń sọ ibi tó wà.

Àwọn ohun tó wà nítòsí náà lè dí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá so kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra, ọkọ̀ lè máa gbọ́ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó má mọ èyí tó máa dá lóhùn. Fóònù tó wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lè ṣe irú ẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ tún un gbìyànjú. Bó bá sì jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ó ti bàjẹ́.

BÁTÌRÌ MÉJÌ LÓ YẸ KÍ Ẹ YẸ̀ WÒ

Bátìrì kọ́kọ́rọ́ kì í kú lójijì. Tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń tẹ rìmóòtù láti ẹnu ọ̀nà ilé, ilẹ̀kùn á ṣí. Nígbà tó yá, àfi kí ẹ sún mọ́ ọkọ̀. Nígbà tó tún yá, àfi kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára bátìrì inú rẹ̀, nítorí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu gan-an ni kí ẹ rà. CR2032, tó wọ́pọ̀, fẹ̀ tó mìlímítà 20, ó nípọn tó 3.2, agbára rẹ̀ sì jẹ́ fóltì 3. CR1632 kéré sí i. Ẹ wo ojú tí àmì ìròpọ̀ wà kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, kí ẹ lè gbé tuntun sí i bákan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pípààrọ̀ bátìrì kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ gbàgbé ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní dandan ni kí wọ́n tún fi kọ́kọ́rọ́ mọ ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ bátìrì, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ná.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bátìrì kékeré yìí léwu gidi fún ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì, tó há sí ọ̀fun, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ẹran ara láàárín wákàtí méjì. Lọ́dún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin lórí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ nítorí ewu yìí. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, ẹ má jù ú sílẹ̀ níbi tí ọmọ-ọmọ ti ń ṣeré. Bí ọmọ bá gbé e mì, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, ẹ má sì gbìyànjú láti jẹ́ kó bì.

Bátìrì kejì ni ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ọkọ̀ kò ní lágbára láti bi kọ́kọ́rọ́ léèrè ohunkóhun, ilé iṣẹ́ tó ṣe kọ́kọ́rọ́ kò sì jẹ̀bi. Ẹ wo iná ọkọ̀. Bó bá ń ṣe bàìbàì, tàbí tí ọkọ̀ ń ṣe "tá-tá-tá" nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣíná, bátìrì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tó kún dáadáa máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6. Bó bá ti wá sísàlẹ̀ 12, ebi ń pa á. Títi ọkọ̀ ọtomátíìkì kò sì ní ràn án lọ́wọ́.

BÓ BÁ KỌJÁ AGBÁRA YÍN

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ọkọ̀ kò tún mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ wàyí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ sikánà yẹ ọkọ̀ wò, kó sì sọ ohun tí ẹ̀rọ náà rí fún yín, kó tó tú ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọpọlọ ọkọ̀ láì ṣe àyẹ̀wò, ẹ dá a dúró.

Ẹ má sì kàn ra kọ́kọ́rọ́ nítorí pé ó jọ tiyín. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì 315 MHz, ọ̀pọ̀ tó wá láti Yúróòpù ń lo 433 MHz. Wọ́n lè jọra bí ìbejì lójú, kí ọkọ̀ má gbọ́ èdè ọ̀kan nínú wọn. Àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lára kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni kí ẹ fi wá a.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè kọ́kọ́rọ́ méjèèjì kó tó sanwó. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n fún un, kó ṣe èkejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, nítorí wàhálà àti owó tó wà nínú kí gbogbo kọ́kọ́rọ́ sọnù ju èyí lọ fíìfíì. Kó sì jẹ́ kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn rẹ́ kúrò nínú ọkọ̀, torí ọkọ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti ta òun. Kọ́kọ́rọ́ kò rọrùn láti rí: lóṣù kẹwàá ọdún 2022, Toyota pàápàá kéde ní Japan pé nítorí ọ̀wọ́n ṣípù, kọ́kọ́rọ́ onírìmóòtù kan àti onírin lásán kan ni òun máa kọ́kọ́ fún àwọn tó ra ọkọ̀ tuntun, kó tó kan èkejì.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Lálẹ́ òní, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ tó nílò rẹ̀, ẹ wá irin tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ sì mọ ihò tó ń wọ̀. Ẹni tó bá ti mọ ìyẹn kò ní dúró máa wo ọkọ̀ ara rẹ̀ láti ìta láàárọ̀ ọ̀la.