Owó oṣù ẹnjiníà: Kí ló fà á tí ti ẹnì kan fi ju ti ẹlòmíì lọ?

Àwọn ọ̀dọ́ méjì lè jọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde nílé ìwé kan náà, kí wọ́n jọ sin ìjọba lọ́dún kan náà, síbẹ̀ kí ọ̀kan máa gba owó oṣù tó lè fi kọ́lé, kí owó oṣù èkejì má sì gbé e dé ìdajì oṣù. Kì í ṣe pé orí ọ̀kan pé ju ti èkejì lọ. Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń pinnu iye tí wọ́n ń san fún ẹnjiníà. Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ní iléeṣẹ́ kéékèèké l'Òṣogbo, n'Iléṣà àti àyíká wọn mọ àwọn nǹkan náà, torí pé ẹ̀yin náà ń gba irú àwọn èèyàn yìí síṣẹ́, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì ń gbà wọ́n mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń ṣe omi inú ọ̀rá, ẹni tó ń la pákó, ẹni tó ń tẹ̀wé, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ọjọ́ náà ni ọjà dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń bínú bí ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ bá ní òun ń lọ síbòmíì. Wọ́n á ní aláìmoore ni. Ṣùgbọ́n tí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ ILÉEṢẸ́ Ń TÀ

Ohun àkọ́kọ́ ni ohun tí iléeṣẹ́ ń tà àti irú owó tí wọ́n fi ń rà á. Ẹ wo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní oṣù keje ọdún 2021 ni iléeṣẹ́ Thor Explorations, tó wá láti orílẹ̀-èdè Kánádà, kọ́kọ́ yọ́ góòlù jáde níbi ìwakùsà Sẹ̀gilọlá. Iye dọ́là ni wọ́n fi ń díwọ̀n góòlù káàkiri àgbáyé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi N460 gbéra sọ, nígbà tó sì máa fi di ọdún 2024, ó ti kọjá N1,500. Iléeṣẹ́ tó ń ta ọjà rẹ̀ ní iye dọ́là á rí náírà tó pọ̀ sí i gbà lórí ọjà kan náà. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì l'Òkèfìà kò rí irú ẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ gbówó lórí, dísù rẹ̀ gbówó lórí, ṣùgbọ́n náírà làwọn oníbàárà rẹ̀ ń ná.

Ohun kan náà ló jẹ́ kí owó oṣù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ epo rọ̀bì ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjà tí wọ́n ń tà lówó lórí, ìwọ̀nba òṣìṣẹ́ ló sì ń bá wọn gbé e jáde. Tí ẹ̀rọ kan bá dúró fún wákàtí kan níbẹ̀, owó tó máa bá a lọ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró lówó lórí lọ́wọ́ wọn.

ÌLÚ TÍ ILÉEṢẸ́ PỌ̀ SÍ

Ohun kejì ni iye iléeṣẹ́ tó ń wá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìlú. Àwọn àgbà Òṣogbo ò tíì gbàgbé iléeṣẹ́ tó ń yí irin, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ pẹ̀lú ti Jos àti ti Katsina, àti iléeṣẹ́ Nigeria Machine Tools tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀rọ àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ìrètí ìjọba ni pé irin tí wọ́n máa lò l'Òṣogbo á máa wá láti iléeṣẹ́ irin ńlá bíi ti Aladja àti Ajaokuta. Irin ọ̀hún kò wá bó ṣe yẹ, iná ọba náà kò dúró, iṣẹ́ sì dẹnu kọlẹ̀. Bí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ń gbowó oṣù níbẹ̀ nìkan ló ń pàdánù. Ẹnjiníà tó bá kù nínú ìlú kò ní ibi méjì tó lè fi wé ara wọn mọ́, iye tí wọ́n bá fún un ló máa gbà, àbí kó dì í ó di Èkó.

Kò tíì tán l'Òṣogbo o. Ibẹ̀ náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà. N'Iléṣà, iléeṣẹ́ ọtí International Breweries, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1971, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí lọ́dún 1978, ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, SABMiller lọ́dún 2012, lẹ́yìn náà AB InBev lọ́dún 2016. Bí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí, òun ni ọmọ iṣẹ́ yín máa fi ń wọn owó tí ẹ ń san fún un, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀.

ÌWÉ Ẹ̀RÍ ÀTI IṢẸ́ ỌWỌ́

Ohun kẹta ni ìwé ẹ̀rí. Òfin tó dá àjọ COREN sílẹ̀ lọ́dún 1970 ló fún un lágbára láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí lónìí: ẹnjiníà, tẹ̀kìnọ́lọ́jíìsì, tẹkiníṣíà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ tó bá nílò kí ẹnì kan fọwọ́ sí àwòrán ilé tàbí ti ẹ̀rọ ńlá, tí wọ́n á sì mú onítọ̀hún bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà ló lè ṣe é. Ojúṣe yẹn wà lára ohun tó ń gbà owó lé.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ kéékèèké ti ń ṣìnà. Àwọn kan á gba ẹni tó ní dígírì síṣẹ́ kó lè máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, wọ́n á wá máa ráhùn pé kò fẹ́ fọwọ́ kan epo. Àwọn míì á gba wáyà-mánà tí kò lọ sílé ìwé, wọ́n á ní kó wá so ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ẹ̀rọ bá sì jóná, wọ́n á lé e lọ. Tẹkiníṣíà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ló tó ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké, kí wọ́n sì máa pe ẹnjiníà wá bí iṣẹ́ bá ju agbára onítọ̀hún lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ irú wọn kò jìnnà sí wa: ó wà l'Ẹ̀sà-Òkè, ó wà n'Írè, ó wà l'Ẹdẹ.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí kò wọ́pọ̀ náà máa ń mówó wá. Ẹni tó mọ sólà àti ínfátà, ẹni tó lè tún ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ṣe, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin tí kì í dípẹtà, wọn kò pọ̀ bí ẹni tó ń wáyà ilé. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná ọba àwọn oníbàárà tí wọ́n pè ní Band A sì gbéra láti N68 sí N225 lórí ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, onísólà ti di ẹni tí gbogbo èèyàn ń wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá tí kò pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sókè.

ỌWỌ́ ÌJỌBA

Ohun kẹrin ni ìjọba. Àwọn tó ti dàgbà rántí Údòjì dáadáa. Ìgbìmọ̀ yẹn ló dábàá lọ́dún 1974 pé kí wọ́n fi owó ńlá kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí wọ́n san án, tòun ti àjẹsílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni náà dìde lọ́dún 1975, wọ́n ní àwọn náà fẹ́. Láti ìgbà náà lọ, bí owó oṣù ìjọba bá ti gbéra, ti aládàáni náà á wá tẹ̀lé e.

Owó oṣù tó kéré jù lọ jẹ́ N18,000 lọ́dún 2011, ó di N30,000 lọ́dún 2019, ó sì di N70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Òfin ọdún 2024 náà ló ní kí wọ́n máa tún un wò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, dípò ọdún márùn-ún. Òfin kò fi dandan lé iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn sùn. Òfin lè yọ yín sílẹ̀, ọjà kò ní yọ yín. Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá rí ibi tí wọ́n ti ń san ju tiyín lọ, kò ní bi yín léèrè iye òṣìṣẹ́ tí ẹ ní.

Ẹ̀kọ́ míì wà nílé níbí. Láti ọdún 2015, nígbà tí owó ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò lọ déédéé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní ìpele kejìlá sókè ń gba ìdajì owó oṣù, àwọn tó wà ní ìpele kẹjọ sí ìkẹwàá ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà kò lójú títí di ọdún 2018. Ìpele kẹjọ lẹni tó ní dígírì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹnjiníà ìjọba kò sì lè bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yàtọ̀ sí iye tó ń wọlé. Owó tó kéré díẹ̀ àmọ́ tó ń dé lọ́jọ́ tó yẹ lè dára ju owó ńlá tí kò lọ́jọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nípa gbígba owó. Òṣómàáló ayé ọjọ́un á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó rà láwìn títí tó fi máa gba owó aṣọ rẹ̀. Tẹkiníṣíà òde òní kì í lóṣòó ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó oṣù méjì, fóònù ló máa fi wá ibòmíì, ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lẹ máa tó mọ̀ pé ó ti lọ.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ

Báwo wá ni oníléeṣẹ́ ṣe fẹ́ mọ iye tó yẹ kó san? Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní èrè rẹ̀ lójúmọ́, lẹ́yìn tó ti yọ gbogbo ìnáwó, jẹ́ N40,000, ó sì ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tó ń gba N3,000 lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dúró, èrè N40,000 ti lọ, ó sì gbọ́dọ̀ san N15,000 fún àwọn tó jókòó. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N55,000. Bí ẹ̀rọ bá dúró lọ́jọ́ mẹ́rin láàárín oṣù, N220,000 ló bá a lọ.

Ká ní tẹkiníṣíà tó mọṣẹ́ lè jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ kan péré ni ẹ̀rọ á máa dúró lóṣù. Ó ti gba N165,000 sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀gá bá fi N60,000 kún owó oṣù rẹ̀ kó má baà lọ, N105,000 ṣì kù sọ́wọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń dúró, ìṣirò náà yí padà, kò sí ìdí láti gba ẹnì kan tó máa jókòó sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí olúkúlùkù kọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ dúró sínú ìwé fún oṣù mẹ́ta kó tó pinnu.

OHUN TÍ AGBÁRA KÉKERÉ LÈ ṢE

Òótọ́ ni pé oníléeṣẹ́ kékeré kò lè bá oníwúrà tàbí ọlọ́tí du owó. Síbẹ̀, àwọn ọ̀nà kan wà.

Èkínní, àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà ládùúgbò kan náà lè para pọ̀ gba tẹkiníṣíà kan. Kí wọ́n pín ọjọ́ fún ara wọn, kí wọ́n sì jọ kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ bá bí ẹ̀rọ méjì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Owó tí kò tó lọ́dọ̀ ẹnì kan á tó bí ẹni mẹ́rin bá dá a.

Èkejì, ẹ so díẹ̀ nínú owó náà mọ́ iṣẹ́. Yàtọ̀ sí owó oṣù, ẹ fún un ní ẹ̀bùn fún oṣù tí ẹ̀rọ kò bá dúró rárá. Òun náà á máa yí epo padà kó tó di pé ẹ̀rọ ń pariwo.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo àjọ ITF. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí ọjà tó ń tà lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 50 náírà, gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san lọ́dún fún àjọ yìí. Ẹni tó ń san án tó sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ lè bèèrè kí wọ́n dá díẹ̀ padà fún un. Àjọ náà ló dá ètò tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1973. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ti mọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jáde.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbàgbé ohun tó yàtọ̀ sí owó oṣù. Owó ìbánigbófò fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, èyí tí òfin ọdún 2010 ní kí ẹ máa san fún àjọ NSITF, wà níbẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: ọ̀gá á san ìdá 10, òṣìṣẹ́ á san ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó bá rí i pé wọ́n ń ro ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ kì í sáré kúrò nítorí N10,000.

Bí ó bá sì tó àkókò tí yóò lọ, ẹ jẹ́ kó lọ pẹ̀lú àlàáfíà, kí ẹ sì ní kó kọ́ ẹnì kan kó tó lọ. Alágbàṣe tó bá yín ya dáadáa lẹ ṣì lè pè lálẹ́ Sátidé nígbà tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, a sì máa dáhùn.